Nítorí Ọrùn Oziel

Ẹ̀yìn Ilé Yìnyín Ẹja,
Educandos,
Manaus.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹwàá, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ẹ̀gbọ́n Mara,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́ orí omi, ẹ kú ìfaradà ẹ̀fọn. Ṣé dáadáa lẹ wà? Bàbá Tainá ńkọ́? Tainá fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń ka ìwé rẹ̀ báyìí, àbí ó ṣì ń fà á ya fi ṣe ọkọ̀ ojú omi? Orúnkún tó máa ń yọ yín lẹ́nu nígbà òjò ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ ń gbẹ̀bí gbogbo aboyún etí odò Japurá lọ́dún yìí, àti pé ọmọ méjì ni wọ́n ti sọ ní Mara. Ẹ ṣeun tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀. Màmá yín wà, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń bú gbogbo wa bí wọ́n ṣe máa ń bú wa. Èmi náà wà láàyè. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti pe fóònù yín títí ó fi sú mi. Nígbà tó yá, mo pe ọ́fíìsì yín ní Tefé, wọ́n ní ọkọ̀ ìlera ti gòkè odò lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé, pé ó di ìgbà tí ẹ bá padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́. Lindomar tó ń wa ọkọ̀ ayára lọ sí Tefé ló máa gbé e débẹ̀, ó ní òun mọ ẹni tó máa fà á lé yín lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Oziel àbúrò yín ni. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, ó wà láàyè, láàárọ̀ yìí náà ni mo rí i lókèèrè tó ń rẹ́ ẹja lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí lórí rẹ̀, irú ẹ̀rù tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé oúnjẹ kì í ṣòro láti lọ lọ́nà ọ̀fun tèmi.

Ẹ̀yin lẹ mú èmi àti Oziel ọ̀rẹ́ mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjàkadì jiu-jitsu Ọ̀gá Abdias nígbà tí a ṣì kéré, kí a má baà máa jà káàkiri àdúgbò, nítorí náà mi ò ní máa ṣàlàyé bí Ọjọ́ Ẹtì ṣe ń rí níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹnì kan á dúró láàárín, àwọn yòókù á máa wọlé bá a lọ́kọ̀ọ̀kan, ara tí kò tíì rẹ̀ lé ara tó ti rẹ̀. Ẹ mọ òfin ilé náà pẹ̀lú: ẹni tó bá fọwọ́ gbá ẹní níwájú àlejò, tó fi hàn pé òun ti gbà, òun ni yóò fọ gbogbo aṣọ ìjà kimónò tó mu òógùn lọ́sẹ̀ náà, wọ́n á sì máa pè é ní ìyá alágbàfọ̀ títí Ọjọ́ Ẹtì mìíràn á fi dé. Èmi ti fọ̀ ọ́ rí. Kò pa mí, ọwọ́ mi kàn ń rùn bíi ti òbúkọ ni. Ṣùgbọ́n Oziel kò fọ̀ ọ́ rí, ó sì ti fi ìyẹn ṣe ògo láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Lóṣù tó kọjá, àlejò kan wá láti Belém, bẹ́líìtì dúdú ni, ọkùnrin tí apá rẹ̀ tó itan mi. Oziel ló wà láàárín lọ́jọ́ náà, ó sì ti bá àwọn bíi mélòó kan jà kí àlejò yìí tó wọlé sí i. Kò pẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni náà fi ki ọwọ́ bọ ọrùn kimónò rẹ̀, ó lọ́ ọ pọ̀, ó sì fi gbogbo ara sùn lé e. Èmi jókòó síbi ògiri, ọwọ́ Oziel ni mò ń wò. Ó ṣí i, ó na ọmọ ìka rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbá ẹní, ó wá tún un dì. Ó yíjú wo Ọ̀gá Abdias. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè, àwọn ará ibẹ̀ ń rọra gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́, nígbà tó sì jí, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ta ló borí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní ẹ wo ọkùnrin, ó sùn, kò bẹ̀bẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ò ti gún mọ́. Ó kọ́kọ́ ní ọrùn ń dun òun lápá òsì, láti abẹ́ etí wá sísàlẹ̀. Ìyẹn kò tó nǹkan lọ́dọ̀ wa, ta ni ọrùn ò dùn rí? Lẹ́yìn náà ni ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílẹ̀. A fi ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ó ń ṣẹ́jú sí ọmọbìnrin tó ń ta èso açaí ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé ọmọlójú òsì kéré ju ti ọ̀tún lọ, bí ìgbà tí oòrùn wọ ojú kan tí kò wọ èkejì. Ó ní òun ń gbọ́ ìró nínú etí òsì, kù, kù, kù, bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó wà lókèèrè lójú omi, pàápàá tí òun bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó máa sọ ìró náà jáde lẹ́nu bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ìró etí rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ tó ń lù lábẹ́ ìka mi jọ ń lọ pọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi, irun orí mi dìde.

Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ mọ bí Oziel ṣe ń rẹ́ eegun inú ẹja tambaqui, bí ọ̀bẹ ṣe ń sáré tí ẹnu rẹ̀ náà ń sáré. Mo lọ ra ẹja ọ̀sán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bú mi lọ́wọ́ pé àwọn alájẹkì bíi tèmi ló ń jẹ odò gbẹ, ni ọ̀bẹ bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó wò ó nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, ọwọ́ náà ò dì í. Ó gbójú sókè, ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀ kankan tí mo gbọ́ rí lẹ́nu ẹ̀dá. Kò pẹ́ rárá o. Kí ìyá tó tò sẹ́yìn mi tó pariwo pé òun ń dúró, ó ti mú ọ̀bẹ, ó ti ń rẹ́ ẹja lọ.

"Ọwọ́ mi ló kú tipiri," ó ní. "Kí lò ń wò mí bí ẹni rí òkú sí?"

Mo fà á lọ sílé ìlera àdúgbò tipátipá. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ tan iná sí i lójú, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ, ojú òun náà sì yí padà. Ó ní ká má lọ sílé, ilé ìwòsàn ńlá ni ká gbà lọ tààrà kí wọ́n ya àwòrán iṣan ọrùn rẹ̀, pé ó jọ pé iṣan náà ti ya nínú, ẹ̀jẹ̀ ń dì síbẹ̀, ó sì ń já lọ sínú ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní títí wọn ó fi ya àwòrán náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọrùn náà. Oziel ní ẹ ṣeun mà. Nígbà tí a jáde, ó ní ó di ẹ̀yìn Àbámẹ́ta.

Àbámẹ́ta ni ìdíje. Ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú ìwọ̀n tiwa ni wọ́n máa fi ọkọ̀ òfuurufú gbé lọ sí Rio, Ọ̀gá Abdias sì ti sọ fún gbogbo Educandos pé Oziel ni. Mo lọ bá wọn. Wọ́n ń nu ẹní lọ́wọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Wọ́n fún àkísà ọwọ́ wọn gbẹ kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

"Edivan, ṣé ìwọ náà ò fẹ́ lọ sí Rio ni?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú rẹ̀."

"Mo ti wò ó. Oorun ló ń kùn ún. Èmi ti dákú lórí ẹní yìí ju iye ìgbà tí ìwọ ti sùn lẹ́yìn ìyá rẹ lọ. Ṣé mo kú? Lọ dín jíjẹ kù, ìwọ̀n rẹ ti fẹ́ kọjá."

Mi ò ní pè wọ́n ní èèyàn burúkú. Àwọn ló di apá ọ̀tún pósí bàbá yín mú, ẹ̀yin náà rí i. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ gan-an nìyẹn, pé wọn ò parọ́ fún mi, wọ́n gba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́. Màmá yín náà ní bí Abdias bá ti ní kò sí nǹkan, a jẹ́ pé kò sí nǹkan, kí n yé fi ẹnu mi pe àìsàn sínú ilé àwọn. Mo lọ bá ẹni tó ń ṣètò ìdíje. Ó ní olùkọ́ ọmọ náà ti jẹ́rìí sí i pé ara rẹ̀ le, pé ta ni èmi?

Inú bí mi débi pé mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, mi ò wọ bọ́ọ̀sì. Ojú ọ̀nà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá sí mi lọ́kàn. Ẹ mọ̀ pé àwa ọmọ ilé kan kì í bá ara wa jà nínú ìdíje. Wọ́n á fi wá sí ìpẹ̀kun méjì ètò ìjà, tí a bá sì jọ dé ìparí, ọ̀kan á yọ̀ǹda fún èkejì, a ó dì mọ́ra, wọ́n á ya fọ́tò. Tí mo bá wà lẹ́yìn Ọ̀gá Abdias, ńṣe ni màá máa wò láti òdìkejì bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń tò dé ọrùn yẹn. Valdecir wà lára wọn, ti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Neuza ní São Raimundo. Ọmọ yẹn kò mọ nǹkan mìíràn láyé ju kó fi ọrùn kimónò fún èèyàn lọ́rùn lọ, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí yóò bá lé Oziel kúrò nínú ìdíje láìfọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá láti ilé mìíràn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo sọdá lọ sọ́dọ̀ Neuza.

Gàrí àti ẹja sísun ni wọ́n ń jẹ nígbà tí mo dé. Wọ́n fi ẹja náà lọ̀ mí, mi ò lè jẹ ẹ́. Mo sọ ohun tó gbé mi wá, wọ́n sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé o mọ orúkọ tí wọ́n máa pè ọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Títí o fi máa kú ni o. Kódà bí o bá gbà á là, kò sẹ́ni tó máa gbà pé ìdí tí o fi lọ nìyẹn."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kúkú sọ fún Valdecir kó fi ọrùn Oziel sílẹ̀. Wọ́n mi orí. "Tí mo bá sọ ìdí ẹ̀ fún un, á sọ ọ́ káàkiri. Oziel á sì gbọ́. Á wá máa na ọrùn síta fún gbogbo ayé kó lè fi hàn pé irọ́ ni. Àbí mo purọ́?" Wọn ò purọ́. Oziel tí wọ́n júwe gan-an nìyẹn, wọn ò sì tíì bá a jẹun rí. Wọ́n fi orúkọ mi sílẹ̀ lábẹ́ ilé tiwọn, mo sì padà sílé gẹ́gẹ́ bí ọ̀dàlẹ̀.

Kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó mọ́ tán, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Wọ́n yọ àwòrán mi lára ògiri ilé ẹ̀kọ́. Kimónò mi kejì tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀, odò ni wọ́n sọ ọ́ sí, ọmọ kan sáré wá sọ fún mi kí n lè wá wò ó bó ṣe ń léfòó lọ. Ìyá mi lọ ra búrẹ́dì, ẹni tó ń tà á fún wọn láti ogún ọdún kò kí wọn. Mo ṣe bí ẹni pé kò dùn mí. Nígbà tí mo dé inú yàrá, mo sunkún, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n fa orúkọ, wọ́n sì gbé ètò ìjà jáde. Ìjà àkọ́kọ́ nínú ìwọ̀n wa: Oziel pẹ̀lú mi. Ẹni tó bá borí, Valdecir ló máa pàdé.

Oziel fúnra rẹ̀ wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti ọjà bọ̀, ìpẹ́ ẹja ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Mo ní kó wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé nítorí Rio ni, Edivan? Sọ fún mi pé nítorí Rio ni, màá forí jì ọ́."

"Nítorí ọrùn rẹ ni."

"Ọrùn mi! O ti wá di dókítà Educandos. Ìwọ tí o ò lè wo ẹ̀jẹ̀ adìẹ."

"Oziel, jẹ́ ká lọ ya àwòrán yẹn báyìí. Báyìí báyìí. Tí wọ́n bá ní kò sí nǹkan, màá lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gá, màá máa fọ kimónò yín títí ayé, ẹ máa pè mí ní ìyá alágbàfọ̀, mo gbà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ojú òsì yẹn kò bá a rẹ́rìn-ín. "Mo mọ ohun tí o fẹ́ ṣe. Apá lo máa wá. O ò ní sún mọ́ ọrùn, wàá mú apá, kí n gbá ẹní fún ẹ, kí n lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá." Ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. "Ó dáa, gbọ́ mi. Ẹlòmíràn lè mú mi kí n gbá ẹní. Ọ̀dàlẹ̀, láéláé. Tí o bá mú apá mi, ṣẹ́ ẹ."

Ó wá na ọwọ́ sí mi bí a ṣe máa ń ṣe kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìjà, àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìkúùkù lẹ́ẹ̀kan. Mo na tèmi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò bá tèmi, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló gbà kọjá, afẹ́fẹ́ ló gbá. Àwa méjèèjì wo ọwọ́ náà. Ó ki ọwọ́ náà bọ àpò, ó sì yípadà lọ.

Mo ti ro ó síwá, mo ti ro ó sẹ́yìn láti àná. Mo lè fi àmì tí adájọ́ ń kà borí rẹ̀, kí n má ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi àmì borí rẹ̀, ilé ni yóò lọ, kì í ṣe ilé ìwòsàn, Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ á sì tún bá a láàárín ẹní níwájú àlejò mìíràn. Tó bá sì jẹ́ òun ló borí mi, Valdecir ń dúró dè é. Apá tó ṣẹ́ nìkan ni Ọ̀gá Abdias ò lè pè ní oorun. Apá tó ṣẹ́ nìkan ni Màmá máa tẹ̀ lé dé ilé ìwòsàn. Mo mọ apá tó máa ń fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó bá ń tì mí kúrò lórí ara rẹ̀, a ti jọ ń yí gbirigbiri láti kékeré.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí, ẹ̀gbọ́n mi. Tí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ wọ ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má dúró gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n máa fẹ́ di apá náà kí wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Ẹ má gbà. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀, èmi á kàn máa pariwo ni wọ́n á sì tì mí síta. Ẹ sọ fún wọn nípa ojú òsì, nípa ìró etí, nípa ọ̀bẹ tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ dúró síbẹ̀ títí wọn ó fi ya àwòrán ọrùn náà.

Ẹ bá mi kí Bàbá Tainá, ẹ sọ fún wọn pé mo ṣì ń retí ẹja pirarucu gbígbẹ tí wọ́n ṣèlérí. Ẹ bá mi fẹnu ko Tainá lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ wà nínú ọkọ̀. Lindomar ti ń pè mí láti etí omi, ó ní òun ò ní dúró de òǹkọ̀wé.

Apá òsì ni mo máa mú, torí ọ̀tún ló fi ń di ọ̀bẹ. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá. Ẹ lè bínú sí mi bó bá ṣe wù yín, ẹ lè má kí mi mọ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ Àbámẹ́ta bá mọ́ lọ́dọ̀ yín kí lẹ́tà yìí tó dé, tàbí bó bá ti dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàdúrà fún àbúrò yín pé kí n rí apá náà ṣẹ́.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Edivan.